Ẹ Bi Wá Léèrè: Rírìn àti Jíjẹun ní Ìlú Ọba Láìjẹ Gbèsè

Àwọn ọmọ wa ti pọ̀ ní ìlú Ọba, àwọn òbí sì ń gba ìwé ìpè láti lọ kí wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ náà ń rí ìpàdé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀. Lẹ́tà tí ó wọlé sí ọ́fíìsì wa ní Àkúrẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ débi pé mo pinnu láti fi gbogbo ojú ewé oṣù yìí dáhùn wọn. Mo gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò. Kí àwọn tó kọ̀wé nípa físà má bínú, ọjọ́ mìíràn ni tiwọn. Ẹni tí físà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí owó àpò rẹ̀ níwọ̀n, ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ìbéèrè láti Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́: Olóòtú wa, mo kí yín fún iṣẹ́ takuntakun. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni èmi àti bàálé mi. Ọmọ wa tó wà ní Leeds ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún wa, ṣùgbọ́n nílé ìbátan wa kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ó ti lo ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, kí ọmọ náà tó ráyè wá mú wa. Ó ní òun yóò máa fún àwa méjèèjì ní £40 lójúmọ́. Ṣé a lè fi owó yìí rí nǹkan kan, àbí kí a kúkú jókòó sínú ilé kí a máa wo tẹlifíṣọ̀n?

Ìdáhùn: Ẹ má jókòó sílé rárá, mà. Fún ẹni méjì tí kò san owó ilé, £40 tó, bí ẹ bá ti mọ ibi tí owó máa ń bá lọ. Ìlú Ọba yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń rò: èyí tó níyì jù nínú ohun tí ènìyàn lè fojú rí níbẹ̀ kì í gba kọ́bọ̀, ẹsẹ̀ àti ẹnu ni ó ń jẹ owó àlejò. Láti oṣù Kejìlá 2001 ni ìjọba ibẹ̀ ti mú owó ìwọlé kúrò ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àpapọ̀. Nítorí náà, ọ̀fẹ́ ni ẹ ó wọ National Gallery ní Trafalgar Square, ọ̀fẹ́ ni Tate Modern létí odò Thames, ọ̀fẹ́ sì ni Natural History Museum, Science Museum àti Victoria and Albert Museum, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ ní South Kensington. Àfihàn àkànṣe nìkan ni wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún nínú wọn, kò sì sí ẹni tí yóò fi ipá mú yín wọ ibẹ̀. Ẹ wá fi èyí wé Tower of London, níbi tí owó ìwọlé àgbàlagbà kan ti lé ní £30: bí ẹ̀yin méjèèjì bá wọlé, ó kéré tán, owó ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ti lọ. Ẹ wò ó láti ìta, kí ẹ sì rìn gba orí Tower Bridge kọjá, afárá tí wọ́n ṣí ní 1894; ẹnikẹ́ni kò ní béèrè owó lọ́wọ́ yín.

Bí ó bá jẹ́ ibi kan ṣoṣo ni agbára yín ká, British Museum ni kí ẹ lọ, ìdí mi sì jẹ mọ́ agbègbè wa níhìn-ín. Gbogbo ènìyàn ló ti gbọ́ nípa àwọn iṣẹ́ idẹ Bìní tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897. Yàrá 25 ní ìsàlẹ̀ ilé náà ni wọ́n pa tẹ wọ́n sí. Orí idẹ Ifẹ̀ kan náà wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ṣùgbọ́n èyí tí àwa ará ìhín kì í sábà rántí ni ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yín ní Ìjàpọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni, ọ̀gá agbẹ́gilére tó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ọba ní ilẹ̀ Èkìtì àti agbègbè rẹ̀ kí ó tó kú ní 1938. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924. Àwọn British Museum rí i, wọ́n fẹ́ rà á, Ògògà kọ̀ kò tà. Ohun tí kábíyèsí gbà ni pé kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ní abala kan ilẹ̀kùn náà, ọba jókòó lórí ìtẹ́, olorì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní abala kejì, òyìnbó aṣojú ìjọba ń bọ̀ lórí ohun tí àwọn ènìyàn fi gbé e rù. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ wọn yọ kúrò lára pákó gan-an, kì í ṣe fífín lásán, ó sì yí orí àwọn mìíràn síta kí wọ́n lè kọjú sí ẹni tó ń wò wọ́n. Ẹ wo ojú òyìnbó náà dáadáa, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá Ọlọ́wẹ̀ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bóyá ilẹ̀kùn náà wà níta lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ, nítorí wọ́n a máa gbé nǹkan wọlé, wọ́n a sì tún máa gbé òmíràn jáde. Agogo 10 àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, agogo 5 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì, àfi ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n máa ń ṣí títí di agogo 8 ààbọ̀ alẹ́, tí èrò kì í sì í pọ̀ tó ti ọ̀sán. Ẹ má gbé báàgì ńlá lọ, wọn kò ní jẹ́ kí ó wọlé.

Ní ti ọkọ̀, bọ́ọ̀sì ni kí ẹ máa wọ̀. Láti oṣù Kẹta 2023 ni owó rẹ̀ ti di £1.75, bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ tí ẹ sì wọ òmíràn láàárín wákàtí kan, wọn kò ní gba owó mìíràn, bí ẹ bá sì ń wọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, £5.25 ni òpin ohun tí wọ́n lè yọ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Awakọ̀ kì í gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́ láti 2014. Káàdì ni ẹ ó fi kan ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà, oníkálukú pẹ̀lú káàdì tirẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì tí ẹ fi ń gba owó ìfẹ̀yìntì, nítorí báńkì wa a máa fi òdiwọ̀n sí iye tí ènìyàn lè ná lókè òkun. Ẹ ra Oyster méjì, káàdì ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ sì máa rọ owó sí wọn. Bí ẹsẹ̀ bá gbà yín láyè, ẹ gun òkè bọ́ọ̀sì alájà méjì, kí ẹ jókòó síwájú pátápátá. Nọ́ńbà 15 ń ti Trafalgar Square lọ, ó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's, títí dé ẹ̀gbẹ́ Tower of London. Iye tí àwọn onímọ́tò arìnrìn-àjò ń gbà láti fi ìran yìí kan náà hàn yín ju ìlọ́po mẹ́wàá owó bọ́ọ̀sì lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ẹni méjì kò lè kọjá £10.50 lójúmọ́. Oúnjẹ ọ̀sán láti súpámákẹ́ẹ̀tì, tí n óò ṣàlàyé rẹ̀ níwájú, jẹ́ nǹkan bí £8 fún ẹni méjì. Ó ṣẹ́ku £21.50, ilé ìbátan yín sì ni ẹ ó ti jẹun àárọ̀ àti ti alẹ́. Nínú èyí tó ṣẹ́ kù, ẹ ra nǹkan lọ fún onílé, ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Káàdì ìrìnnà ọ̀fẹ́ tí ẹ ó máa rí lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà Lọ́ńdọ̀nù kò kan àlejò, ti àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yín bá fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin mú yín lọ sí Leeds, ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún lè ra Senior Railcard, pasípọ́ọ̀tù wa sì tó láti fi ṣe ẹ̀rí ọjọ́ orí. Ó ń gé ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lára owó ọkọ̀, àfi tí ẹ bá fẹ́ rìn ní àsìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ́ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ní agbègbè Lọ́ńdọ̀nù. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì olówó ńlá, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá fi rìn lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san owó rẹ̀ padà.

Ìbéèrè láti Òde-Oǹdó: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ kan ní Manchester, wọ́n sì san owó ọkọ̀ òfurufú àti ilé fún mi títí ìpàdé yóò fi parí. Lẹ́yìn rẹ̀, mo ní ọjọ́ márùn-ún àti £300, Lọ́ńdọ̀nù ni n ó sì ti wọ ọkọ̀ òfurufú padà. Mo fẹ́ rí Lọ́ńdọ̀nù, Liverpool, Birmingham, Cardiff àti Edinburgh. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ṣe é. Ìlú márùn-ún ní ọjọ́ márùn-ún túmọ̀ sí pé inú ọkọ̀ ni wàá ti lo ìsinmi rẹ, owó ọkọ̀ náà yóò sì gbé £300 náà mì kí o tó jẹun. Manchester sí Edinburgh nìkan ju wákàtí mẹ́ta lọ lórí ojú irin, Cardiff náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o dúró sí Manchester, kí o fi ọjọ́ kan tàbí méjì lọ sí Liverpool kí o sì padà, bí ọkàn rẹ kò bá sì gbà láìrí Lọ́ńdọ̀nù, kí o fi ọjọ́ méjì ìkẹyìn síbẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni o ó ti wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ọkọ̀ ojú irin wọn ní ọgbọ́n tirẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí o bá rà lọ́jọ́ ìrìn àjò gan-an lè jẹ́ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta èyí tí o bá rà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú. Èyí tí wọ́n ń pè ní Advance ló rọjú jù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ nìkan ni o lè wọ̀. Bí ó bá fi ọ́ sílẹ̀, owó ti lọ nìyẹn. Bí àsìkò kò bá ká ọ lára, wọ bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn National Express tàbí FlixBus láti Manchester sí Victoria Coach Station ní Lọ́ńdọ̀nù. Wàá lo tó wákàtí márùn-ún, ìlọ́po méjì àsìkò ojú irin, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ owó rẹ̀ lè jẹ́ oúnjẹ ọjọ́ méjì. Ní inú ìgboro Manchester, £2 ni bọ́ọ̀sì, àwọn bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ kan sì wà tó ń yí àárín ìlú po.

Ní ti ilé tí o ó sùn sí, àwọn ilé ìwọ̀sùn YHA àti irú wọn ń ya ibùsùn kan lẹ́nì kan nínú yàrá tí ènìyàn mẹ́rin tàbí mẹ́fà jọ ń lò, wọ́n sì ní ilé ìdáná tí gbogbo èrò lè lò. Ẹni tó ti gbé inú họ́sítẹ́ẹ̀lì yunifásítì wa kò ní rí ìyàlẹ́nu kankan níbẹ̀, àfi pé iná kì í lọ. Ra ágádágodo kékeré dání fún àpótí rẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o rí ní Manchester ni ibùdókọ̀ Liverpool Road. 1830 ni ojú irin láti Liverpool sí Manchester bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibùdókọ̀ yìí sì ni ó lọ́jọ́ lórí jù nínú gbogbo ibùdókọ̀ ojú irin akérò tó ṣì dúró láyé. Òun ni Science and Industry Museum wà nínú ọgbà rẹ̀ báyìí, ọ̀fẹ́ sì ni. Níbẹ̀ ni wàá ti rí ẹ̀rọ ìránwú àti ìhunṣọ, kí o sì mọ bí òwú ṣe sọ ìlú yìí di ọlọ́rọ̀. Yara ìkàwé John Rylands, tí wọ́n ṣí ní 1900, náà kò gba owó. Ilé ìkàwé ni, ṣùgbọ́n bíi ṣọ́ọ̀ṣì àwọn bíṣọ́ọ̀bù àtijọ́ ni wọ́n kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ni ó wà lọ́kàn rẹ. Owó gidi ni wọ́n ń gbà láti mú ènìyàn wọ inú pápá Old Trafford lọ́jọ́ tí kò sí ìdíje. Ya àwòrán níwájú ère Best, Law àti Charlton, àwọn agbábọ́ọ̀lù Manchester United àtijọ́, tó wà níta, kí o máa bọ̀.

Ní Liverpool, rìn dé Pier Head létí odò Mersey. Láti ìlú yìí ni ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster ti ń ná Èkó, Aureol sì ni ọ̀kan tó lórúkọ jù nínú wọn láti 1951. Bí ẹnì kan nínú ìdílé rẹ bá lọ kàwé ní òkè òkun láyé ìgbà náà, bóyá etí odò yìí ni ó ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ òyìnbó. World Museum àti Walker Art Gallery jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó dùn mí pé wọ́n ti ti International Slavery Museum láti oṣù Kíní 2025 fún àtúnṣe ọlọ́jọ́ pípẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilẹ̀ wa tó bá dé Liverpool kọ́kọ́ wọ̀. Wo íntánẹ́ẹ̀tì kí o tó lọ, kí o mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣí i.

Ìbéèrè láti Ọjà Ọba, Àkúrẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin ń lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹnìkejì wa ní Lọ́ńdọ̀nù, a ó sì dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú ilé tí wọ́n gbà fún wa. Wọ́n ní oúnjẹ ibẹ̀ wọ́n, kò sì ládùn. Ṣé a lè di èlùbọ́, gàrí, pọ̀ǹmọ́, ẹran ìgbẹ́, ẹja gbígbẹ àti ewédú dání? Bí a bá jáde, ibo ni a ti lè jẹun?

Ìdáhùn: Ẹ yọ pọ̀ǹmọ́ àti ẹran ìgbẹ́ kúrò nínú ẹrù báyìí kí a tó bá ọ̀rọ̀ lọ. Òfin ìlú Ọba kò gba ẹran kankan láti Nàìjíríà wọlé nínú ẹrù èrò, ì báà jẹ́ tútù, gbígbẹ, yíyan tàbí sísè, súyà àti kílíṣí sì wà nínú rẹ̀. Wàrà náà kò gbọdọ̀ wọlé. Ewédú, ẹ̀fọ́ tútù àti iṣu odindi nílò ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ìjọba wa pé wọn kò ní àrùn, ìdààmú rẹ̀ kò sì tó ohun tí ẹ ó jẹ. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbọn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìwé ẹ̀rí yìí. Ẹja gbígbẹ tó wà fún jíjẹ ara yín kò ní wàhálà bí kò bá ti kọjá ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gàrí àti èlùbọ́ tí wọ́n dì dáadáa. Bí òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè bá bi yín léèrè ohun tó wà nínú àpótí, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tó bá fi pamọ́ lè di ẹjọ́.

Ohun tí ẹ bá fi sílẹ̀ nílé, ẹ ó bá a ní Peckham. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Rye Lane, kí ẹ máa rìn lọ láàárín àwọn ìsọ̀: àpò èlùbọ́ wà lórí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, iṣu wà nínú páálí, wọ́n bu ata rodo àti tòmátì sínú abọ́ sílífà roboto-roboto, wọ́n kọ iye owó abọ́ kọ̀ọ̀kan sára páálí, Yorùbá sì ni ẹ ó máa gbọ́ láti ìsọ̀ kan dé ìkejì. Ẹ lè ná ọjà níbòmíràn, ṣùgbọ́n owó abọ́ yẹn kì í yí padà, ẹ má dààmú ara yín. Ọjà Ridley Road ní Dalston náà dára, fún ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà ní ìhà àríwá ìlú. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti jẹ́ mẹ́rin, tí ilé ìdáná sì wà nínú ilé tí wọ́n gbà fún yín, ẹ dá owó jọ kí ẹ máa se ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Abọ́ àmàlà kan pẹ̀lú ẹran nílé oúnjẹ àwọn ènìyàn wa níbẹ̀ a máa lé ní £10, èmi kò sì rí ìdí tí ará Àkúrẹ́ yóò fi gun ọkọ̀ òfurufú wákàtí mẹ́fà lọ ra ohun tó wà lẹ́bàá ilé rẹ̀ ní irú owó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá jáde ní ọ̀sán, súpámákẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ yà sí. Tesco, Sainsbury's àti àwọn mìíràn ń ta ohun tí wọ́n ń pè ní meal deal: búrẹ́dì tí wọ́n ti fi ẹyin, ẹja tàbí ẹran sí láàárín, ìpápánu kan, àti ohun mímu kan, gbogbo rẹ̀ ní nǹkan bí £4. Tútù ni, ó máa ṣàjèjì sí ẹnu yín, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlú náà ń jẹ lọ́sàn-án. Àwọn ilé ìtajà kan ní káàdì ọ̀fẹ́ tiwọn, ẹni tí kò bá sì ní in yóò san ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ gbà á sórí fóònù yín. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń lẹ bébà pupa rúsúrúsú mọ́ ara oúnjẹ tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ pé. Ìdajì owó tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tà á, oúnjẹ gidi ni, kò tíì bàjẹ́.

Ẹ jẹ ẹja díndín pẹ̀lú ọ̀dùnkún díndín, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Gbígbóná ni wọ́n ń gbé e lé ènìyàn lọ́wọ́ nínú bébà, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi bo ẹja náà á máa dún lẹ́nu, iyọ̀ àti ọtí kíkan ni wọ́n sì ń bù lé e lórí dípò ata. Ọ̀kan tó ẹni méjì, ẹ má jẹ́ kí olùtajà tan yín. Ní àwọn ilé oúnjẹ tí ènìyàn ti ń jókòó, ẹ ka ìsàlẹ̀ bébà owó kí ẹ tó san án: ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sábà máa ń fi owó iṣẹ́ tó tó ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, níbi tí wọ́n bá sì ti kọ ọ́ pé ó wù yín bí ẹ bá san án, ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ má sì ra omi. Òfin là á sílẹ̀ pé ilé tó bá ní ìwé àṣẹ láti ta ọtí fún mímu níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fún oníbàárà rẹ̀ ní omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́ bí ó bá béèrè, omi ẹ̀rọ wọn sì ṣeé mu. Borough Market ni ọjà oúnjẹ tí gbogbo ayé ń ya àwòrán rẹ̀. Ẹ lọ wò ó, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀, àmọ́ kí ẹ ti jẹun yó kí ẹ tó lọ.

Ìbéèrè láti Òkè-Àró, Àkúrẹ́: Àsàlámù alékùm. Musulumi ni mí, mo ń lọ sí Birmingham. Kí ni mo lè jẹ láìbẹ̀rù?

Ìdáhùn: Wa alékùmù sàlámù, Alhaji. Birmingham gan-an ni kí irú yín lọ. Ní àwọn ọdún 1970 ni àwọn ará Pakísítàánì tó tẹ̀dó síbẹ̀ dá oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní balti sílẹ̀, ẹran tàbí ẹ̀fọ́ tí wọ́n sè kíákíá nínú agbada kékeré, tí wọ́n sì gbé agbada náà fúnra rẹ̀ wá síwájú ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Búrẹ́dì náànù ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ọwọ́ sì ni. Ẹ wo àmì halal lára gíláàsì, bí kò bá sí, ẹ béèrè. Bí ẹ bá dé Manchester, àdúgbò Rusholme ní Wilmslow Road kún fún irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni sausage roll olówó pọ́ọ́kú tí ẹ ó rí ní gbogbo ìkòríta: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè láti Yábà, Oǹdó: Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ni mí ní ìjọ Áńgílíkà. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Lọ́ńdọ̀nù tí mo wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gba owó ìwọlé. Ṣé a ó máa sanwó kí a tó wọ ilé Ọlọ́run ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin akọrin ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà àbáyọ, mà. Arìnrìn-àjò ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, olùjọsìn kì í san kọ́bọ̀. Ní Westminster Abbey àti St Paul's, wọ́n ń ṣe ìsìn ìrọ̀lẹ́ ní nǹkan bí agogo 5 ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, àwọn akọrin wọn a sì kọ Magnificat àti Nunc dimittis, Orin Màríà àti Orin Síméónì tí ẹ̀yin náà ń kọ nílé. Ẹ tètè dé, kí ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé ìsìn ni ẹ bá wá. Ẹ ó jókòó láàárín òkúta àti gíláàsì tí àwọn mìíràn sanwó ńlá láti wò ní ọ̀sán, ẹ ó sì gbọ́ ohùn tí àwọn yẹn kò gbọ́. Ẹ má ya fọ́tò nígbà ìsìn.

Bí owó bá ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́, ẹ wọ bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn láti Victoria lọ sí Canterbury, ìrìn nǹkan bíi wákàtí méjì. Nínú Kàtídírà ibẹ̀ ni wọ́n ti fi Àjàyí Crowther joyè bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864. Ọmọ Ọ̀ṣoògùn tí wọ́n tà lẹ́rú ni ó kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ìsìn ìrọ̀lẹ́ wọn náà kì í gba owó. York Minster ní ìhà àríwá ń ṣe bákan náà, ìlú York fúnra rẹ̀ sì dára fún ẹni tí kò lówó púpọ̀, nítorí ènìyàn lè rìn lórí odi àtijọ́ tó yí i ká láìsan nǹkan kan.

Ìbéèrè láti Ìdànrè: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ń kàwé ní Edinburgh, mo sì ń lọ kí i ní òpin ọdún. Ó ní òkè kan wà ní àárín ìlú tí gbogbo ènìyàn ń gùn. Ṣé ó tó òkè wa?

Ìdáhùn: Kò tó o, bàbá, ẹ má jẹ́ kí ọmọ dẹ́rù bà yín. Arthur's Seat ni wọ́n ń pè é, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 251 péré. Ẹni tó ti ka àtẹ̀gùn tó lé ní 600 kí ó tó dé Òkè Ìdànrè yóò gun èyí láìdúró mí. Síbẹ̀ mo fẹ́ kí ẹ gùn ún, nítorí láti òkè rẹ̀ ni ẹ ó ti rí gbogbo ìlú, òkun, àti kásù, ilé olódi àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Edinburgh Castle, tó wà lórí òkúta ní ìkejì ìlú. Owó ìwọlé kásù náà pọ̀, ẹ lè wò ó láti ibẹ̀ kí ọ̀rọ̀ parí. National Museum of Scotland ní Chambers Street jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì gbóná nínú, ohun tí ẹ ó sì nílò ní òpin ọdún nìyẹn.

Owó ilé ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún eré àti orin tó bẹ̀rẹ̀ ní 1947, àti ní àsìkò ọdún tuntun tí wọ́n ń pè ní Hogmanay, àwọn onílé ìtura a máa fi owó gorí owó. Bí yàrá ọmọ yín bá gbà yín, ẹ bá a sùn síbẹ̀. Ẹ tọ́ haggis wò, ẹ̀dọ̀, ọkàn àti fùkù àgùntàn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ ọkà oats. Ẹni tó bá mọ adùn inú ẹran kò ní sá fún un.

Oòrùn a máa wọ̀ kí agogo 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Nítorí náà, agogo 10 àárọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè náà, kí ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, nítorí òkúta rẹ̀ a máa yọ̀ bí òjò bá rọ̀, kí ẹ sì fi fìlà abetí ajá yín sílẹ̀ nílé ọmọ. Afẹ́fẹ́ orí òkè yẹn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ olóyè.